Ọkọ̀ Ogun Tó Fẹ́ẹ̀ Tú Ìgbéyàwó Ọmọ Mi Ká

Ìgbà tí Àlájà gba omi lọ́wọ́ ìyàwó mi, tí wọ́n gbé e sílẹ̀ láìfi kan ẹnu, tí wọ́n wá ń fi etí ìborùn nu ọwọ́ tí wọ́n fi gbà á, ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ìdílé mi rí ní Ẹdẹ níbí. Ó ti sú mi láti máa dá a rò.

Àlájà yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Kàbírù, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Mútíátù ọmọ mi. Bàbá Kàbírù ti kú tipẹ́. Àlájà ló tọ́ ọ dàgbà ní Ìwó, ata gbígbẹ tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi rán an níléèwé títí tó fi di tíṣà ní Awo. Bí Àlájà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní rárá, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwa òbí nìkan, ó ku kí wọ́n wá tọrọ ìyàwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọjọ́ ìtọrọ ni wọ́n wá mú.

Àlájà ní àwọn ò wá jókòó. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé àwọn dé.

“Bàbá Mútíátù, ṣé òótọ́ ni pé iná tó pa odindi ìlú run nígbà ogun àwọn òyìnbó, òun lẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún sùn lé lórí?”

Ó ya mí lẹ́nu. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ará ilé yín ló sọ ọ́. Wọ́n ní iná náà ti wọ̀ yín lára.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá wà lára bàbá, ọmọ á bá a pín in, ọmọ ọmọ á sì bá wọn pín in. Wọ́n ní àwọn ò ní lajú sílẹ̀ kí wọ́n ti ọmọ àbúrò àwọn sínú iná. Kí ọ̀rọ̀ ìtọrọ ṣì dúró ná. Ni wọ́n bá yíjú padà, wọ́n wọ mọ́tò, ó di Ìwó.

Dúró ná! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àgbà Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mútíátù wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀ ló tún ń tú, tó tún ń ká. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó.

Ta ni ará ilé wa tó sọ̀rọ̀? Mi ò wá a lọ síbi tó jìnnà. Bàbá wa ni, ìyẹn àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí agboolé. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣèwádìí ìdílé tí a bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. A kì í ránṣẹ́ pé à ń bọ̀. Kí Àlájà tó wá bá wa nílé, wọ́n ti kọ́kọ́ wá sí agboolé bí ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ rẹ́ǹtì, wọ́n sì bá Bàbá wa jókòó níwájú ilé. Bàbá wa kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mọ̀ pé àlejò tó bá ń wá ṣọ́ọ̀bù kò níí béèrè ẹni tó bí ọmọge inú ilé. Kàkà kí wọ́n wá sọ ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn lo ọgbọ́n.

Mo lọ bá wọn.

“Bàbá, kí lẹ sọ fún obìnrin yẹn?”

“Mo yìn ọ́ ni.”

“Ẹ yìn mí báwo?”

“Mo ní ọmọ mi wọ ọkọ̀ tí kì í ra epo. Ogún ọdún, kò yà sílé epo! Mo ní iná tó pa ìlú run ni wọ́n fi ń wà á. Ọmọ mi sùn lé e lórí, ó jí, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

“Bàbá, oúnjẹ ni mo ń sè níbẹ̀.”

Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n. “Kí n wá sọ fún àlejò pé ìrẹsì lo lọ ń sè nílẹ̀ òyìnbó? Kí wọ́n lè fojú tín-ín-rín wò wá?”

Nílé wa, ẹni tí nǹkan burúkú kò bá pa, wọ́n á ní agbára nǹkan náà ti di tirẹ̀. Oríyìn ni. Bàbá wa kò rò ó rí pé ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ oríyìn yẹn bí ẹni gbọ́ àrùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, fíísà lótìrì gbé mi lọ sókè òkun. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, mi ò sì ní dárúkọ ọkọ̀ kankan. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan kì í tú gbogbo ẹnu sílẹ̀. Mo wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ìyẹn Néfì, wọ́n sì fi mí sílé ìdáná. Ọkọ̀ méjì ni mo ti ṣiṣẹ́, méjèèjì sì jẹ́ irú èyí tí bàálù ogun ń gbéra lórí rẹ̀, tó tún ń bà lé e. Ẹ ronú pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, kẹ́ ẹ wá gbé e sórí òkun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé inú rẹ̀. Àwa la sì ń bọ́ wọn.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀, epo ló ń jẹ. Wọ́n ń sun epo láti fi se omi nínú ìkòkò irin ńláńlá, ooru omi híhó náà ló ń yí irin tó ń ti ọkọ̀ lọ. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ agbépo á wá bá wa lójú agbami, wọ́n á fa rọ́bà gbọ̀ọ̀rọ̀ láti inú tiwọn wá sínú tiwa, ọkọ̀ méjèèjì á sì jọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí tiwa yóò fi yó.

Èkejì ni núkílíà, irú agbára tí wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù tó pa ìlú run nígbà ogun àwọn òyìnbó. Ìyẹn kì í sun epo kó tó rìn. Irin àrà ọ̀tọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú ooru jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi ooru náà ṣe? Omi ni wọ́n ń fi sè! Ooru omi híhó ló ń ti ọkọ̀ méjèèjì. Ọ̀kan dà bí ẹni tó ń fi igi dáná tó ní láti máa ti igi bọ̀ ọ́, èkejì dà bí ẹni tí èédú rẹ̀ kì í kú. Ọ̀rọ̀ pé kì í ra epo yẹn gan-an, ìdajì òótọ́ ni, nítorí àwọn bàálù orí rẹ̀ ń mu epo, àwa ènìyàn inú rẹ̀ sì ń jẹun. Ọkọ̀ mìíràn ló ń kó gbogbo ìyẹn wá bá wa.

Mi ò sọ pé núkílíà kò léwu o. Bí irú rẹ̀ bá bàjẹ́, ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin tó nípọn yí i ká, tí ẹ̀ṣọ́ sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń din ẹyin kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò bàjẹ́ lójú mi, mi ò sì fi ojú kan inú yàrá náà rí.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti dé ìta. Wàsíù tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

“Bàbá Néfì, wọ́n tún ti mú iná lọ o. Ẹ bá mi fọwọ́ kan fóònù yìí, kó lè gba díẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan ládùúgbò fa ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi í bóyá mo máa ń tàn nínú òkùnkùn. Ìyàwó mi ní bí mo bá ń tàn ni, ṣé òun á máa ra tọ́ọ̀ṣì? Onígbàjámọ̀ tí mo ti ń lọ bá láti ọdún gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú abẹ ìfárí ọ̀tọ̀ fún mi. Gbogbo ìyẹn, mo lè pè é ní àwàdà. Àmọ́ ní Jímọ̀ kan, ọkùnrin tó yẹ kó dúró tì mí nínú sàfù, ìyẹn ìlà ìrun ní mọ́sálásí, wò mí, ó bọ́ sẹ́yìn, ó lọ dúró nínú sàfù mìíràn. Èmi nìkan ni mo dá dúró pẹ̀lú àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo ṣe fún ẹnikẹ́ni?

Kàbírù wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, kò lè gbójú sókè. Ó ní òun kò bẹ̀rù ohunkóhun, òun ti kọ́ nípa rẹ̀ nínú ìwé. “Ṣùgbọ́n Bàbá, mi ò lè fẹ́yàwó lẹ́yìn Àlájà. Àwọn ni bàbá mi, àwọn náà ni ìyá mi.” Mútíátù ní òun náà kò ní wọ ilé tí wọn ò ti fẹ́ òun. Mo bínú sí i, inú mi sì dùn sí i. Ọmọ tí mo tọ́ ni.

Mo ní ó dáa, kí n lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Òṣogbo. Dókítà obìnrin tó gbà mí wọlé kò tíì ju ọmọ mi lọ. Ó bi mí pé kí ló ń dùn mí. Mo ní kò sí. Ó ní kí wá ni kí òun yẹ̀ wò. Nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán, ó kọjú sí ògiri, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Àmọ́ ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó yẹ ara mi wò, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀ lọ, àti pé kí n dín iyọ̀ kù. Ó ní tí mi ò bá tíì ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí á fún mi.

Mo rán Kàbírù sí Àlájà pé dókítà ní ara mi dá. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ padà rèé: “Ẹ̀jẹ̀ ni dókítà yẹ̀ wò. Ta ló sọ fún un pé inú ẹ̀jẹ̀ ni iná ń gbé?”

Bí mo bá ní kò sú mi, irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi ló ní kí a lọ bá wọn nílé wọn, pé ọ̀rọ̀ tí a bá gbé rán ènìyàn kì í dé bó ṣe yẹ. A lọ sí Ìwó lẹ́yìn ìrun àsárì. Àlájà wà láàrin àwọn àpò ata wọn. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n fún ìyàwó mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fún èmi ní tèmi lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ṣàlàyé omi, mo ṣàlàyé ìkòkò, mo ṣàlàyé igi àti èédú. Ẹnu mi gbẹ.

Àlájà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Bàbá Mútíátù, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ta mọ́tò tó ti ní jàǹbá rí.”

Ìyàwó mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Èmi ti ń wá ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Àlájà tan sítóòfù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn wa. Òwú rẹ̀ kọ́kọ́ rú èéfín, òórùn kẹrosíìnì sì gba ibẹ̀ kan.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti wà ní ìta, lẹ́bàá títì, mo di òpó iná mú, òógùn sì bò mí. Ìyàwó mi ti mọ̀, kò pariwo. Nílé wa, a kì í lo sítóòfù, mi ò sì ní jẹnẹrétọ̀. Àlájà jáde tẹ̀ lé mi. Ojú wọn ti yàtọ̀.

“Kí ló ń lé yín?”

Mo ní kò sí.

“Mo ní kí ló ń lé yín, Bàbá Mútíátù?”

Mi ò sọ̀tàn yìí fún ènìyàn rí, yàtọ̀ sí ìyàwó mi. Àmọ́ níbi tí mo dúró sí yẹn, agbára àti fi nǹkan pamọ́ ti tán nínú mi. Mo sọ fún wọn pé lóòótọ́, iná fẹ́ pa mí rí. Inú ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni, èyí tó ń jẹ epo. Ọ̀sán gangan ni, à ń din ọ̀dùnkún. Páìpù epo kan ló bẹ́ nínú yàrá ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ wa, epo náà tú sára irin tó gbóná, ó gbiná. Àwa ò rí iná náà rárá. Èéfín ni a rí. Ó gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lé wa lórí, dúdú, ó ki, ó ń rùn bí àtùpà tí wọ́n pa. Lẹ́yìn náà ni iná mọ̀nàmọ́ná kú.

A dọ̀bálẹ̀, a ń fàyà fà, a ń fọwọ́ tọ ògiri. Ọmọ Gánà kan tó ń jẹ́ Kwésí ló wà níwájú mi. Bẹ́ẹ̀dì tèmi àti tirẹ̀ ló wà lórí ara wọn. A ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn nígbà tó ní òun gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí. Ó ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá padà sẹ́yìn. Mo ṣì mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe kan tèmi. Èmi jáde, mo rí ojú ọ̀run. Kwésí kò jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé mi lọ sínú ọkọ̀ núkílíà. Èmi fúnra mi bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ ni mo fi ń sùn, kí n lè tètè sá. Mo ń retí, mo ń retí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìrẹsì ni mo sè níbẹ̀ títí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àlájà wá dúró tì mí. Ọ̀kadà méjì kọjá lára wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgbúnwọ́, awọ ibẹ̀ ti sún jọ, ó ń dán bí ọ̀rá.

“Kẹrosíìnì ni,” ni wọ́n wí. “Wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn kí n tó rà á. Àtùpà ni mo fẹ́ tàn, ó bú mọ́ mi. Àbúrò mi, bàbá Kàbírù, ló ń gbé oúnjẹ wá bá mi ní ọsibítù.” Wọ́n bo apá náà padà. “Iná tó fẹ́ pa yín yẹn, epo náà ni?”

“Epo ni, Àlájà.”

“Èyí tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù yẹn kò ṣe yín ní nǹkan?”

“Kò ṣe mí ní nǹkan kan.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n yíjú sínú ilé, wọ́n pe ọmọbìnrin yẹn pé, “Gbé sítóòfù yẹn lọ sẹ́yìnkùlé. Kó o máa dáná níbẹ̀ títí àlejò mi á fi lọ.” Wọ́n wá sọ fún mi pé a ó rí àwọn fún ìtọrọ. “Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbójú kúrò o. Bí ọmọ bá dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. N ó yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ohun tí mo bá rí, n ó sọ ọ́.”

Wọ́n so yìgì, ó dùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ṣeun. Ṣé ẹ rò pé mo wá sinmi? Kò pẹ́ tí Mútíátù lóyún, ẹ̀rù tí mo ti ń lé kúrò lọ́kàn àwọn ẹlòmíràn sì ṣí wá bá èmi gan-an. Mo mọ ohun tí mo mọ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ayé, dókítà náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Síbẹ̀, bí Mútíátù bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, ara mi á tutù. Mo ń rò ó pé bí nǹkan kékeré kan bá ṣe ọmọ yẹn, ohun tí a mọ̀ pé ó ń ṣe ọmọ ẹlòmíràn láìsí ìdí, orí mi ni yóò já lé, wọ́n á sì fi ìyẹn lé ọmọ mi kúrò nílé ọkọ. Ìyàwó mi ní ìwọ tó ń pe àwọn ènìyàn ní òpè, wo ojú rẹ nínú díńgí.

Mútíátù bí ọkùnrin. Àlájà ti Ìwó dé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kànìnkàn àti òrí wọn. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí wọn. Wọ́n wẹ orí, wọ́n wẹ etí, wọ́n la ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n la ti ẹsẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Wọ́n mú un lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Ọmọ náà ké, ó fẹ́ wó ilé. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di ilẹ̀kùn mú bí mo ṣe di òpó iná mú ní Ìwó lọ́jọ́ yẹn.

Àlájà fi òrí pa á lára, wọ́n wé e. Wọn ò gbé e fún ìyá rẹ̀, wọn ò gbé e fún Kàbírù. Wọ́n ní kí n súnmọ́ ibẹ̀.

“Ẹ gbà á. Mo wá ohun tó jogún lọ́dọ̀ yín títí, imú nìkan ni mo rí.”

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi rèé: bí ọmọ yín bá ti tó ilé ọkọ, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ìtàn ara yín fún àwọn àna yín, títí kan èyí tó ń dùn yín. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn yín ló máa bá yín ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ títí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní dá yín mọ̀. Ẹ má sì fi ẹni tó ń bẹ̀rù ṣẹ̀sín. Èmi náà ti bẹ̀rù, mo sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn ará ilé yín sọ nígbà tí wọ́n wá ṣèwádìí yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Ọmọ náà ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí, ó ń sùn, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń tẹ gbogbo èyí.